Nígbà tí ìbọn mi há sínú àkọ̀

Ọjọ́ tí àkọ̀ ìbọn yẹn tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi dùn débi pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni mo gbé e sí kí n tó sùn. Awọ gidi ni, ó nípọn, ó ń dán, òórùn awọ tuntun sì ń ta síni nímú lára rẹ̀. Mo yọ ọta kúrò nínú ìbọn, mo tì í bọ inú àkọ̀, mo dorí rẹ̀ kodò, mo gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kò mì. Mo ní, "Èyí ló ń jẹ́ àkọ̀!"

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni mo ń ṣe. Ibi iṣẹ́ ló ni ìbọn ìléwọ́ tí mo ń gbé kọ́ ìbàdí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí kálukú wá àkọ̀ tó bá a lára mu. Ohun tí wọ́n sì ti ń tẹ̀ mọ́ wa létí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ìbọn má já bọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i jà gbà lára wa. Nítorí náà, lójú tèmi, bí àkọ̀ bá ṣe há tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó. Inú orí mi ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan awọ rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo yọ máágásìn tí à ń kó ọta sí, mo fa irin òkè sẹ́yìn, mo fojú wo ihò tí ọta ń jókòó sí, mo tún fi ìka kàn án. Mo kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò. Mo fa ìbọn, kò wá. Mo tún fà á, ìgbànú mi ló gbéra tó fi kan ìhà mi, ìbọn dúró gbọn-in nínú àkọ̀. Nígbà kẹta, mo fi gbogbo agbára apá fà á, ó já jáde pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ tuntun ya, ẹnu rẹ̀ sì fò sókè kó tó padà wá síwájú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní awọ tuntun ni, yóò dẹ̀.

Àwọn tí mo bi léèrè níbi iṣẹ́ kò sọ ohun tó yàtọ̀. "Máa fà á lọ ṣáá, yóò tú." Mo sì fà á fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Awọ ìka àárín mi bó níbi tó ti ń ha ìsàlẹ̀ tírígà. Àwọ̀ dúdú ara ìbọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, irin ń yọjú. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Tèmi yàtọ̀, àkọ̀ ló ń jẹ ìbọn.

Ohun tí mi ò rí ni ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ mi ń kọ́ lẹ́yìn mi. Nítorí pé àkọ̀ ń bá ìgbànú gòkè, ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ di ìdí àkọ̀ mú kó lè dúró. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń fa ìbọn, àtẹ́lẹwọ́ ara mi ni mo ń fi ẹnu rẹ̀ wò. Ìka ìfábẹ̀lá mi náà kò gbẹ́yìn. Ó yẹ kó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, kó má sún mọ́ tírígà, ṣùgbọ́n òun náà ti ń ká wọnú láti ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Ẹni tó ń fa èèkàn tó wọlẹ̀ ṣinṣin kì í yọ ìka kankan sílẹ̀, gbogbo márààrún ló máa fi dì í. Ọwọ́ ò mọ̀ pé ìbọn kì í ṣe èèkàn.

Báyìí ni mo ṣe gbé ara mi dé pápá ìdánrawò. Ọta wà nínú ìbọn lọ́jọ́ yẹn. Olùkọ́ wa fọn fèrè, gbogbo wa nawọ́ sí ìbàdí. Tèmi kò wá. Mo gbọ́ tí ìbọn àwọn tó wà lápá ọ̀tún mi ń dún, ara mi wá gbóná, mo fi ìbínú fa tèmi. Ó já lójijì. Bó ṣe já, kò lọ síwájú. Apá òsì ló yà sí, ó gba iwájú orúnkún ẹni tó dúró tì mí kọjá, ìka ìfábẹ̀lá mi sì wà lórí tírígà.

Kò dún. Bóyá ìwọ̀n èékánná ló kù kó dún, mi ò mọ̀.

"Dúró! Má mira!" Ohùn olùkọ́ wa kò pariwo púpọ̀, àmọ́ gbogbo pápá ló pa lọ́lọ́. Ó ti ẹ̀yìn wá, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí ẹnu ìbọn sí òkè yẹ̀pẹ̀ tí à ń yìnbọn sí. "Yọ ọta." Mo yọ ọ́. Ó ní kí n lọ jókòó. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fẹ́ mu omi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò omi. Ẹni tí mo fi ìbọn kọjá lórí orúnkún rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ń wo orúnkún náà.

Òfin mẹ́rin kan wà tí Jeff Cooper, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣe ológun rí kó tó di olùkọ́ ìbọn, gbé kalẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń kọ́ni káàkiri. Gbogbo ìbọn ni kí o kà sí èyí tó ní ọta. Má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́. Má fi ìka kan tírígà títí ojú rẹ yóò fi wà lórí ohun tí o fẹ́ yìn. Mọ ohun tí o fẹ́ yìn, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo lè kà á sókè láti ojú oorun. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo rú láàárín kí ojú tó ṣẹ́, mi ò sì mu nǹkan kan, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò fi ìbọn ṣeré. Àkọ̀ mi ló kàn há.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá ti rí i pé ẹ ń bá àkọ̀ jìjàkadì, ẹ má gbé ìbọn tó ní ọta sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wá èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ sọ fún ọ̀gá yín. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí, ìtìjú yẹn ló sì lé mi dé ìdí òróró.

Mo rò ó pé bí òróró bá wọ awọ, awọ yóò rọ̀. Òótọ́ ni. Mo da òróró sí i nínú àti lóde, mo fi aṣọ nù ún, mo tún da òmíràn sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìbọn ń wọlé, ó ń jáde wẹ́rẹ́. Mo ń yin ara mi. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo ń dá ìbọn padà sínú àkọ̀, mo rí i pé nǹkan ń tì í padà. Mo fà á jáde, mo wolẹ̀. Ẹnu àkọ̀ tó le gbagidi tẹ́lẹ̀ ti ṣubú lu ara rẹ̀ bí etí ajá. Bí mo ṣe ń ti ìbọn wọlé ni etí awọ yẹn ń ká wọnú òrùka irin tó yí tírígà ká. Ẹ fojú inú wò ó: èmi ń tì í sísàlẹ̀, awọ ń tẹ tírígà, ẹnu ìbọn kọjú sí itan mi. Ká ní ojú mi ò sí níbẹ̀, tí mo kàn fi agbára tì í gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń fi agbára fà á, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìtàn yìí.

Mo fi ọ̀bẹ gé àkọ̀ náà sí méjì kí n tó jù ú nù, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣà á lò.

Ẹ̀yìn ìgbà tó bà jẹ́ tán ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú awọ tuntun. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Wọn a yọ ọta pátápátá, wọn a wo ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn a fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé ìbọn, wọn a rọra tì í bọ inú àkọ̀, wọn a yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá ṣì há, ọ̀rá á di ìpele méjì. Awọ máa ń gba ìwọ̀n ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba ìpele ọ̀rá yẹn ló sì ń fẹ́. Kò sí òróró níbẹ̀, kò sí omi, kò sí oòrùn. Omi tiẹ̀ lè mú kí ìbọn dógùn-ún.

Mo pa awọ tì, mo lọ sídìí ike. Kydex ni wọ́n ń pe irú ike náà. 1965 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é jáde, inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n sì ṣe é fún kó tó dé ìbàdí àwa ẹ̀ṣọ́. Wọn a mú un gbóná títí yóò fi rọ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó rí bí ìbọn, bó bá ti tutù, ó ti le nìyẹn. Bí ìbọn bá wọlé, ẹ ó gbọ́ "kà" níbi òrùka tírígà, ibẹ̀ ló ti ń dì í mú. Síkúrù méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rọ́bà kékeré sì wà láàárín ike lábẹ́ síkúrù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yí síkúrù náà le, á fún mọ́ ọn. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, á tú díẹ̀. Ohun kan tó yẹ kí n ti mọ̀ ni pé ike kì í ṣe awọ. Kò ní fẹ̀ nítorí pé ẹ ń fà á. Bó ṣe há lónìí ni yóò ṣe há lọ́dún mẹ́wàá.

Ó há. Mo dẹ síkúrù. Ó ṣì há, mo tún dẹ̀ ẹ́. Mi ò ka iye ìgbà tí mo yí i, mi ò sì sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìbọn ń jáde bí ẹni yọ ọwọ́ nínú àpò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbádùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ láti di okùn bàtà mi, ìbọn yọ́ jáde, ó ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ mi sì ń sáré tẹ̀ lé e.

"Fi sílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kígbe. Ọwọ́ mi dúró sójú afẹ́fẹ́. Ìbọn balẹ̀ gbì, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n yẹn wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìbọn tí a ń gbé, Glock ni, ohun ìdènà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó dún bí nǹkan kò bá fa tírígà. Bó bá já bọ́ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò gbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá fẹ́ hán an, ibi tí ìka bá bọ́ sí ni yóò dì mú, tírígà sì lè jẹ́ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí síbí bá já bọ́ lọ́wọ́ mi nínú ilé, mo máa ń jẹ́ kó balẹ̀. Mo fẹ́ kí ó mọ́ mi lára.

Ọ̀rọ̀ dé etí olùkọ́ wa. Ó ránṣẹ́ sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo rẹ̀ ni kí o gbé wá o, ìgbànú pẹ̀lú." Mo rò pé èébú ló kù. Kò bú mi. Ó ní kí n yọ ọta, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òun. Ó yí síkúrù le díẹ̀díẹ̀, ó ń dorí àkọ̀ kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n, títí ìbọn kò fi já bọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí n kò ronú kàn rí láti oṣù bíi mélòó kan. Ó yọ àkọ̀ kúrò lára ìgbànú, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi èkejì fa ìbọn. "Kà." Ó jáde.

"Ìwọ fà á." Mo fà á, ó jáde. Ó ní kí n gbé e kọ́ ìbàdí, kí n tún fà á. Ó há.

"Ṣé o rí i? Àkọ̀ nìkan kọ́ ló há. Ìwọ lò ń fà á gba ibi tí kò sí ọ̀nà."

Obìnrin ni mí, mo sì ní ìdí. Ìbàdí mi ń ti ìsàlẹ̀ àkọ̀ síta, orí rẹ̀ wá ń yẹ̀ sínú, èèkù ìbọn ń gún mi níhà. Ọ̀nà tí ìbọn fẹ́ gbà jáde kọjú sí abẹ́ apá mi, èmi sì ń fà á lọ sókè àti síta, bí wọ́n ṣe fi hàn wá. Ẹni tó bá fa dúrọ́ọ̀ wíwọ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ: dúrọ́ọ̀ kò há, ọwọ́ ni kò tọ́. Àwọn tó ń sọ fún mi pé kí n máa fà á lọ ṣáá, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ìbàdí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún mi. Wọn ò kàn rí i rí ni.

Ó fi rọ́bà tó nípọn sí ẹ̀yìn àkọ̀ lápá òkè, kí èèkù lè yà kúrò níhà mi, ó sì bá mi wá irin ìkọ́ tó sọ àkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìgbànú mi, ó fi ìka méjì ká a bí ẹni ká bébà. "Èyí fún ṣòkòtò ni." Ìkọ́ àkọ̀ náà fẹ̀ tó mílímítà 38, ìgbànú mi kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àkọ̀ ń kọ́kọ́ gòkè nínú àlàfo yẹn kí ìbọn tó mira. Mo wá ìgbànú tó le, ìlọ́po méjì, tó kún inú ìkọ́ dẹ́dẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ìgbànú ló yanjú ìdajì gbogbo wàhálà náà.

Ṣùgbọ́n ó ṣì ní ohun tó ń dá etí rẹ̀ lóró. "Gbọ́." Ó fa ìbọn náà pẹ̀lẹ́. Kí "kà" tó dún, nǹkan kan ń ha níbẹ̀, ṣíín, bí èékánná lára ike. Ó bi mí bóyá mo ní àtíkè. Mo ní in nínú báàgì. Ó fi àtíkè pa ara ìbọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tì í wọlé, ó fà á jáde, ó gbé e síwájú mi. Funfun ni gbogbo rẹ̀, àfi ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún, lórí irin kékeré tí à ń tẹ̀ kí irin òkè lè padà síwájú.

Glock 19 ni wọ́n kọ sára àkọ̀, Glock 19 ni ìbọn mi. Mo ti rò pé ó parí síbẹ̀. Àmọ́ ìran karùn-ún ni tèmi, èyí tó jáde ní 2017, irin kékeré yẹn sì wà lápá méjèèjì rẹ̀. Apá òsì nìkan ló wà lára àwọn ti ìṣáájú, ara wọn ni wọ́n sì ti tẹ àkọ̀ mi. Ìwọ̀n irin tí kò tó ìdajì èékánná ló ń há lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Síkúrù tí mò ń dẹ̀ láti ọjọ́ yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun mú ibẹ̀ gbóná kí n fi ìka tì í síta. Ó wò mí títí. Ó ní ooru ẹ̀rọ irun kò tó o, ike yẹn fẹ́ kọjá ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó rọ̀ dáadáa, èyí tó bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò ní dúró sí ojú kan ṣoṣo. Ó lè ràn dé ibi tírígà, kí ibẹ̀ sì yí padà láìjẹ́ pé mo rí i. Ẹni tó ní ìbọn ayédèrú tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló lè dán irú rẹ̀ wò. Mo dá àkọ̀ náà padà, mo gba èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ìran karùn-ún.

Èyí tí mo ń lò dòní nìyẹn. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ni mo ń yí síkúrù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà màá fa ìbọn tó ṣófo nígbà mẹ́wàá, kí n tó pinnu bóyá màá tún yí i. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo tú síkúrù, mo kán gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù sí i lára kó má bàa máa yí fúnra rẹ̀, ẹ̀kán kékeré, mo dá a padà. Búlúù ṣì ṣeé tú. Pupa kì í gbọ́, àfi tí iná bá kàn án. Mo wá fi kútẹ́ẹ̀sì funfun fa ìlà láti orí síkúrù dé ara ike. Láràárọ̀ mo máa ń wo ìlà náà kí n tó jáde. Bó bá ti yẹ̀, síkúrù ti yí.

Ọwọ́ mi ló ṣòro jù láti tún ṣe. Àkọ̀ gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ gba oṣù. Bí ó bá ti ń rẹ̀ mí, ọwọ́ òsì á tún máa yọ́ lọ sísàlẹ̀ láti lọ di ìdí àkọ̀ tí kò nílò ẹni tó máa dì í mú mọ́. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi í di ọrùn aṣọ mi mú kí n tó fa ìbọn. Ogún ìgbà láràárọ̀, ìbọn tó ṣófo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka ìfábẹ̀lá ní gbọọrọ. Bí mo bá ń dá a padà, màá wo ẹnu àkọ̀ ná, bóyá etí aṣọ ti kó síbẹ̀. Aṣọ mi mélòó kan ni ọrùn wọn ti fẹ̀ báyìí.

Ẹni tí mo fi ìbọn kọjá lórí orúnkún rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. A ń kí ara wa, a ń ṣàwàdà. Bí a bá dé pápá, apá ọ̀tún mi ló máa ń dúró sí.